Sọ́kàwéè kún: ₦90,000 fún tíríìpù kan, ṣé kò ti pọ̀ jù?

Ìyá Tọ́pẹ́, Ìkòròdú: Ẹ kú ilé o. Sọ́kàwéè wa ti kún, tí a bá da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í lọ mọ́. Àwọn onítánkà wá wò ó lánàá, wọ́n ní ₦90,000 ni tíríìpù kan, tánkà 10,000 lítà, pé méjì ni yóò gbà. Àwọn ayálégbé ti ń wo ojú mi bíi pé èmi nìkan ni mo kún un. Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ̀ ń san ládùúgbò yín?

Àlàájà Onílé, Agége: ₦90,000 kẹ̀! ₦65,000 ni mo san lóṣù tó kọjá, tánkà kan náà. Láyé agbépóò, ta ló ń san irú owó yìí? Àmọ́ etí títì nilé wa wà o. Bí rọ́bà wọn bá máa gba ẹ̀yìn ilé méjì kọjá, wọ́n á fowó lé e.

Bọ̀dá Bíríkìlà: Ẹ fi ti owó sílẹ̀ ná, mà. Báwo ni kòtò yẹn ṣe tóbi tó?

Ìyá Tọ́pẹ́: Nínú ìwé pulánì, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 10, fífẹ̀ 6, jíjìn 5.

Bọ̀dá Bíríkìlà: Kò ju nǹkan bíi 8,500 lítà lọ nìyẹn. Tánkà kan á kó o, àyè á tún ṣẹ́ kù. Kí ni tíríìpù kejì ń wá?

Ọmọ Èpè: Ẹ rọra o. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ irà ni, lásìkò òjò yìí, omi ilẹ̀ lè máa wọ inú rẹ̀ padà bí wọ́n ṣe ń fà á. Ẹ ṣí ìdérí kòtò kejì náà wò, èyí tí omi ń gbà wọnú ilẹ̀ lọ. Tíyẹn bá ti dí, ẹ ó fà á lónìí, á tún kún láìpẹ́.

Àlàájà Onílé: Kí ẹnikẹ́ni má bọ́ sínú ẹ̀ o! Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pa ènìyàn. Ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Lagos State Wastewater Management Office, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí omi ìdọ̀tí, kí wọ́n má lọ dà á sínú gọ́tà ẹlòmíì.

Ìyá Tọ́pẹ́: Mo ti pè wọ́n padà. Wọ́n gbà fún tíríìpù kan, ₦75,000, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n ra omi sílẹ̀. Omi kí ni?

Bọ̀dá Bíríkìlà: Èyí tí wọ́n á fi rú ìsàlẹ̀ tó ti ki ni, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ má rà á, ẹ fún wọn lómi kànga. Kí wọ́n sì fà á kan ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó.