Ìwé wo ni kí ó ṣáájú fún àwọn ọ̀dọ́ Okun tí wọn kò tíì ka ìwé Yorùbá kan parí rí?

Akàwé Kàbà:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa mélòó kan ní Kàbà, ní ilẹ̀ àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú láti jọ máa ka ìwé Yorùbá, àwọn tí wọ́n sì ń wá jù ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àti àwọn tí wọ́n ń retí àti wọ yunifásítì. Èdè ìlú wa ni wọ́n ń sọ nílé, nítorí náà Yorùbá inú ìwé ṣì ń nira fún wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ó ń dà mí láàmú. Ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn kan lọ. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ìwé náà gidigidi. Láti ọdún 1938 tí D. O. Fágúnwà ti gbé e jáde, n kò rí ẹni tí gbólóhùn rẹ̀ dùn ún kà sókè tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí ìtàn bá dúró kí ìmọ̀ràn lè bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rí i pé ọkàn àwọn ọmọ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé púpọ̀, èwo ni kí ó ṣáájú, ìbáà jẹ́ ìtàn àròsọ tàbí ìwé ìtàn ilẹ̀ wa? Ẹ bá mi sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí orúkọ ìwé lásán kò ní ràn mí lọ́wọ́.

Ìyá Ìsánlú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ má ṣe yọ Fágúnwà kúrò. Èyí tí ẹ mú nínú ìwé rẹ̀ ni kò bá wọn mu. Àdììtú Olódùmarè, tí ó jáde ní ọdún 1961, ọdún méjì ṣáájú ikú òǹkọ̀wé náà, ni èmi ì bá fún wọn. Ìṣẹ́ àti ìyà ilé tálákà ni a kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀, ìyẹn kò sì ṣàjèjì sí ọmọ ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa. Nígbà tí ó bá sì yá, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Àdììtú àti Ìyùnadé yóò wọlé, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò ní lè kà láìrẹ́rìn-ín, tí kò sì ní lè ṣe kí ó má kà á fún ẹlòmíràn. Ìmọ̀ràn pọ̀ níbẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yóò ṣe rí yóò fara dà á.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ni ẹgbẹ́ náà, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni yóò ṣáájú, pẹ̀lú Àjà Ló Lẹrù tí ó jáde ní ọdún 1969. Lápàdé tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí ni ó ń lépa àwọn ọ̀daràn níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni mímọ́: ó máa ń ṣe jàgídíjàgan, ó sì máa ń ṣe ohun tí òfin kò fọwọ́ sí láti rí ohun tí ó ń wá. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ ni pé Òkédìjí kì í sọ fún òǹkàwé pé báyìí ni kí ó ṣe rò. Ó fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa bú ara wọn, kí wọ́n máa purọ́, kí ìwọ fúnra rẹ sì wo ẹni tí ìwọ yóò gbà gbọ́. Àgbàlagbà Akàn tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 1971 dára, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ ni ó wọ̀ mí lára.

Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ti ọdún 1974, lè wá lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá kà á tán, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń káàánú Àjàní, ọ̀dọ́kùnrin tí ìwé náà dá lé, nígbà tí ó jẹ́ pé àìlèpinnu rẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ó ń bá fẹ́ra ń fi ojú wọn rí. Ẹ má sì kọ́kọ́ fi fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe nípa rẹ̀ ní ọdún 1997 hàn wọ́n. Ẹni tí ó bá ti wò ó kì í sábà ṣí ìwé mọ́.

Ọmọ Ìjùmú:

Mo kí yín o, ìyá wa. N kò lòdì sí Òkédìjí, ṣùgbọ́n mo rò pé ìwé tí ó yẹ kí ọmọ Okun kọ́kọ́ kà ni èyí tí yóò mú un lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní ìbéèrè. Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tí ó jáde ní ọdún 1969 náà, ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè-Ògùn tí wọ́n kọ̀ láti máa sin Ọ̀yọ́ ni ó dá lé. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ìtàn ogun Tápà, bí Bídà, olú-ìlú àwọn Tápà, ṣe ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú wa, tí ènìyàn pàápàá wà nínú ohun tí wọ́n ń gbà, títí ọmọ-ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi gba Kàbà kọjá lọ bá Bídà jà ní ọdún 1897? Fálétí kò fi bò pé àwọn tí ìyà kan náà ń jẹ kì í sábà fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà sì ti lágbára.

Ní ti ìwé ìtàn gidi, ìwé Samuel Johnson lórí ìtàn Yorùbá tóbi, ó sì yẹ ní kíkà, àgàgà nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí: Johnson parí rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, òun náà sì kú ní ọdún 1901, kí àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni Johnson ti ń wo ayé, etí ilẹ̀ ni àwa wà sí i. Ẹni tí ó yí èyí padà ni Adé Ọbáyẹmí, ọmọ Ìfẹ̀-Ìjùmú, nínú orí tí ó kọ sínú ìwé ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Àjàyí àti Crowder ṣe olóòtú rẹ̀, nínú àtẹ̀jáde ọdún 1976. Ó jiyàn pé àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní ọba ńlá, irú èyí tí ó wà lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe èérún ìjọba ńlá kan tí ó fọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà kí ìjọba ńlá tó dìde. Gbólóhùn rẹ̀ le, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì dùn bí ìtàn. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ bí Bídà ṣe rí láti inú, kí ó wá ìwé tí Nadel kọ nípa àwọn Tápà ní ọdún 1942, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ààfin pọ̀ níbẹ̀ ju ti àwọn tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ.

Olùkọ́ Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ kò tíì mẹ́nu kan ìwé ìtàn Sẹ̀gilọlá. Lẹ́tà ni I. B. Thomas fi kọ ọ́, tí ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti ọdún 1929, tí àwọn òǹkàwé sì gbà pé obìnrin gidi ni ó ń kọ ọ́, títí wọ́n fi ń fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ bá ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe kọ́kọ́ jáde náà ni ẹ ó ṣe máa kà á, ọmọ tí kò bá sì wá ní ọ̀sẹ̀ kan yóò máa bi ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè. Ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi ọgbọ́n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀.

Akàwé Kàbà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá wa, Àjà Ló Lẹrù ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni ó wà lọ́wọ́ mi, a ó sì máa kà á sókè ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Àbúrò mi ará Ìjùmú, èmi àti olùkọ́ kan ni yóò kọ́kọ́ ka orí tí Ọbáyẹmí kọ, a ó sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ nígbà tí a bá dé ìwé Fálétí. Ọmọ Olókùn Ẹṣin gan-an ni n kò rí rà ní Kàbà tàbí ní Lọ́kọ́ja. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ilé ìtàwé tí ó wà, ní Ìlọrin tàbí ní Ìbàdàn, kí ó jọ̀wọ́ sọ ọ́ níbí.