Ẹni mẹ́jọ, kìlómítà 25 lórí kẹ̀kẹ́ òkè: kí la ó mú dání?

Ọmọ Olókè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́jọ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ òkè gba ọ̀nà oko wọ inú igbó ní Sátidé tó ń bọ̀. Kìlómítà 25 ni, òkè tí a ó gùn lápapọ̀ tó mítà 500. Mẹ́ta nínú wa kò gun kẹ̀kẹ́ kúrò lórí ọ̀dà rí. Báwo ni ká ṣe ṣírò àkókò, kí ni ká mú dání, báwo ni ká ṣe tò lọ́nà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́.

Àgbà Kẹ̀kẹ́

Ẹ kú ìmúra, Ọmọ Olókè. Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ìṣirò orí ọ̀dà. Lórí erùpẹ̀ àti gbòǹgbò igi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í sábà ju kìlómítà 10 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn níbi tó tẹ́jú. Gbogbo mítà 100 tí ẹ bá gùn, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 lé e. Tiyín á wá jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 50 fún òkè.

Ó ku ìdúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣírò. Ẹni mẹ́jọ kì í dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀kan ń mumi, ọ̀kan ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, òmíràn wọgbó lọ tọ̀. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti ṣetán, ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú báàgì ni. Ẹ ka ìdúró kọ̀ọ̀kan sí ìṣẹ́jú 10, ẹ sì ka ìdúró márùn-ún. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 10 nìyẹn, táyà kankan kò sì tíì jò. Ẹ wo aago tí oòrùn ń wọ̀, ẹ ka wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn láti ibẹ̀, kí ẹ má gbéra kọjá àkókò yẹn. Ẹ tún wo àwòrán ilẹ̀ fún ibi kan láàárín ọ̀nà tí ẹni tó bá rẹ̀ ti lè já sí títì. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, ẹ yan ọ̀nà míì fún ìgbà àkọ́kọ́.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Mo fara mọ́ ohun tí Àgbà sọ. Tèmi ni pé kí ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò ní Ọjọ́rú, kì í ṣe àárọ̀ Sátidé. Kẹ̀kẹ́ ẹnì kan tí kò dáa ló ń dá ẹni méje yòókù dúró sójú ọ̀nà.

Ẹ di bíréèkì iwájú mú ṣinṣin, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń gbọ́ “kọ́, kọ́” lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí ìka tí ẹ fi kan ibi tí fọ́ọ̀kì ti wọ inú férémù sì ń mọ̀ ọ́n lára, béárìn ibẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ tú bóòtù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ stem, ìyẹn irin tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ fọ́ọ̀kì, ẹ fún ti orí díẹ̀díẹ̀ títí ariwo náà á fi dákẹ́, kí ẹ tó wá fún ti ẹ̀gbẹ́ padà sí Nm 5 (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù). Ẹni tó bá ń fún ti orí láì tú ti ẹ̀gbẹ́ kàn ń fìyà jẹ bóòtù ni, béárìn ò ní le.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú bíréèkì. Bí ohun tó ń gbo díìsì lára páàdì bá ti ṣẹ́ kù sí nǹkan bíi mílímítà 1, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Òróró kò gbọdọ̀ kan páàdì tàbí díìsì rárá. Páàdì tó bá ti mu òróró á máa han gooro, kò sì ní di nǹkan kan mú. Ohun míì rèé tó máa ń ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: nígbà tí ẹ bá ti yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì. Páàdì méjèèjì á pàdé, díìsì ò ní ráyè wọlé mọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọ̀pá ike tí ẹ fi ń yọ táyà rọra yà wọ́n sọ́tọ̀.

Irin kékeré kan tún wà tó so derailleur, ìyẹn ohun tó ń gbé ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn, mọ́ férémù, hanger là ń pè é. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó rọ̀ ni, kó lè tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́ dípò férémù. Ti kẹ̀kẹ́ kan kì í sábà bá òmíràn mu, nítorí náà kí olúkúlùkù ní tirẹ̀ nínú báàgì. Bí jíà bá dédé ń fo lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ ṣubú sí apá ọ̀tún, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìyá Àbẹ̀ní

Ẹ kú iṣẹ́ o. Afẹ́fẹ́ táyà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun ló ń ba ìrìn jẹ́ ju gbogbo ohun tó kù lọ.

Ká ní ẹni tó gùn ún wọ̀n tó kílò 75, táyà rẹ̀ sì fẹ̀ tó ínǹṣì 2.3 sí 2.4. Bí kò bá lo tíúbù, kó bẹ̀rẹ̀ láti psi 21 tàbí 22 níwájú, 24 tàbí 25 lẹ́yìn (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tó wà lójú pọ́ǹpù). Bó bá ń lo tíúbù, kó fi psi 4 kún méjèèjì. Kílò 10 kọ̀ọ̀kan tó bá fi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi psi 1 lé e. Bó bá kéré sí i, ẹ yọ psi 1. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kì í ṣe iye tí ẹ máa fọ́n sí i, ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá ni.

Ẹni tó bá fọ́n ọn sí psi 40 bíi ti orí ọ̀dà, táyà rẹ̀ á máa ta lórí gbòǹgbò bíi bọ́ọ̀lù, kò ní di ilẹ̀ mú. Ẹni tó bá dín in jù, rímù á kan òkúta, òkúta àti rímù á sì fún tíúbù láàárín. Bí táyà bá jò lọ́nà, ẹ jẹ́ kí ihò fúnra rẹ̀ sọ ohun tó fà á. Ihò méjì tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ojú ibi tí ejò bu ẹni jẹ: afẹ́fẹ́ ló kéré. Ihò kan ṣoṣo níta: ẹ̀gún ni, ó sì ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú táyà, ẹ fi ìka rọra yí inú rẹ̀ ká kí ẹ tó fi tíúbù tuntun sí i. Ihò ní apá inú, níbi tó kọjú sí rímù: téèpù rímù ti yẹ̀, orí sípókù ló gún un. Ẹni tí kò bá wò ó, táyà kan náà á tún jò kó tó rìn jìnnà.

Pọ́ǹpù kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀, torí pé ojú ìwọ̀n pọ́ǹpù kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Ọmọ Olókè

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Márùn-ún nínú wa ò lo tíúbù, mẹ́ta ń lò ó. Ṣé àwọn márùn-ún yẹn náà ní láti mú tíúbù dání?

Ìyá Àbẹ̀ní

Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo yín. Táyà tí kò ní tíúbù gbára lé sealant, ìyẹn omi inú táyà tó ń dí ihò. Táyà ínǹṣì 29 tó fẹ̀ tó 2.4 ń fẹ́ mílílítà 90 sí 120, ó sì ń gbẹ láàárín oṣù méjì sí mẹ́fà. Ooru ló ń mú un yá. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ mì í létí yín. Bí ẹ ò bá gbọ́ kó máa ṣàn, ó ti gbẹ nìyẹn.

Bí ihò bá tóbi ju ohun tí sealant lè dí, ẹ ki okùn rọ́bà ìdíhò bọ̀ ọ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ tì í wọlé títí yóò fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà 1 níta, kí ẹ sì fa abẹ́rẹ́ yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má gé ohun tó kù síta mọ́ ara táyà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ya, okùn yẹn kì í sábà dúró: ẹ fi ọ̀rá lílẹ̀ tí wọ́n fi di oúnjẹ tẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ wá fi tíúbù sí i. Ìdí tí mo fi ní kí gbogbo yín ní tíúbù nìyẹn. Ẹ wo fáàfù pẹ̀lú. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè kọjá nínú ihò rímù tó fẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó sanra bíi ti mọ́tò kò lè wọ ihò tó kéré.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Fún gbogbo ẹgbẹ́: pọ́ǹpù méjì, multitool (irinṣẹ́ kékeré tó kó oríṣiríṣi pọ̀) kan tó ní ohun tí wọ́n fi ń já ṣéènì, àti quick link, ìyẹn ìsopọ̀ tí wọ́n fi ń so ṣéènì tó já. Ṣéènì jíà 12 kò gba quick link ti 11 o, ẹ ka jíà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bí ṣéènì bá já, ẹ yọ ìsopọ̀ tó bàjẹ́ títí tí ẹ ó fi ní orí inú, ìyẹn èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ní apá méjèèjì. Ẹ fi quick link so wọ́n, ẹ yí pẹ́dàlì títí tó fi bọ́ sí apá òkè ṣéènì. Ẹ di bíréèkì ẹ̀yìn mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì gbàgà. Ẹ ó gbọ́ “tá”: ó ti wọlé nìyẹn. Ṣéènì ti kúrú díẹ̀ báyìí, nítorí náà ẹ má lo jíà ẹ̀yìn tó tóbi jù títí ẹ ó fi délé. Yíyí jíà nígbà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára lórí òkè ló sábà ń já a. Ẹ yí i kí òkè tó bẹ̀rẹ̀.

Àgbà Kẹ̀kẹ́

Ní ti títò: ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń ṣíwájú, ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe ló ń kẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo oríta, ẹni tó wà lẹ́yìn olórí á dúró síbẹ̀, á máa júwe ọ̀nà títí yóò fi rí ẹni ìkẹyìn. Ìgbà yẹn ni yóò tó gbéra. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ẹnikẹ́ni ò ní ṣìnà, ẹ ò sì ní máa pariwo kiri inú igbó.

Géètì oko: ẹni ìkẹyìn ló ń tì í, àfi bí ẹ bá bá a ní ṣíṣí. Bí ẹ bá rí ẹṣin, ẹ sọ̀rọ̀ sókè láti òkèèrè kí ẹṣin lè mọ̀ pé èèyàn ni, ẹ rọra, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gùn ún kí ẹ tó kọjá. Ẹ má gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi mítà 20 ó kéré tán sáàárín ara yín. Ẹni tó ń gòkè bọ̀ ló ni ọ̀nà. Ẹ dìde lórí ìjókòó, kí pẹ́dàlì méjèèjì wà ní ọgbọọgba, kí gìgísẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ojú sì wo iwájú jìnnà, kì í ṣe táyà. Ìka kan péré ló wà lórí bíréèkì. Ẹ má fà á pẹ́ títí láti òkè dé ìsàlẹ̀: ẹ fún un dáadáa níbi tó tẹ́jú ṣáájú kọ́nà, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Bíréèkì tí wọ́n ń fà láìdáwọ́ dúró á gbóná, kò ní mú mọ́. Ní Fairfax, ní California, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Repack, tí àwọn tó pilẹ̀ kẹ̀kẹ́ òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ díje sọ̀ kalẹ̀ ní 1976. Bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn wọn máa ń gbóná débi pé gíríìsì á di èéfín, wọ́n á sì ní láti kó gíríìsì tuntun sí i. Ibẹ̀ ni orúkọ ọ̀nà náà ti wá.

Ìyá Àbẹ̀ní

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti Àgbà. Kí ẹni méjì ní àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí fóònù ọ̀kan nínú wọn sì wà ní pípa. Omi, ìdajì lítà sí mílílítà 750 ní wákàtí kan. Ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 40 sí ara wọn, ẹ má dúró de ebi. Ẹni tó bá forí gbá nǹkan kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, kódà bó bá ní ara òun le. Kó pààrọ̀ àṣíborí náà pẹ̀lú, torí fóòmù inú rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló ń gba ìgbájú.

Bí ẹ bá dé, kí olúkúlùkù yẹ ara rẹ̀ wò fún eégbọn: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, abẹ́ ìbàdí. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ mú un níbi tó ti sún mọ́ awọ ara jù, ẹ fà á sókè tààrà, láì fi òróró tàbí iná kàn án.

Ọmọ Olókè

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan péré ló kù: ṣé a lè fi omi tí ẹ̀rọ ń tú jáde tagbáratagbára fọ kẹ̀kẹ́ tí a bá dé?

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe

Rárá o, ó ń lé gíríìsì jáde nínú béárìn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ nu ṣéènì gbẹ, ẹ kán òróró ẹ̀kán kan sí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sì fi àkísà nu gbogbo òróró tó wà níta kúrò. Inú ṣéènì ló nílò òróró. Èyí tó wà níta yanrìn ló ń kó jọ.