p53 ń pọ̀, mRNA rẹ̀ ò pọ̀: níbo ló ti ń wá?

Ọmọ_Láàbù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bí wọ́n bá da doxorubicin (oògùn jẹjẹrẹ tó ń já DNA) 0.5 µM sórí HCT116 (sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun), tó bá fi máa di wákàtí 6, p53, purotéènì tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì bí DNA bá bàjẹ́, á ti yọ gedegbe lórí Western blot (ìdánwò tó ń fi iye purotéènì hàn). Ṣùgbọ́n mRNA TP53 (ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti fi ṣe p53) kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Níbo wá ni purotéènì yẹn ti ń jáde? Kí ló sì dé tí ti HeLa (sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ) kì í fi í yọ bẹ́ẹ̀?

Adé_Sẹ́ẹ̀lì: Sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń ṣe é ló ń bà á jẹ́. Ìkòkò tó jò nídìí ni. Èèyàn lè pọnmi sí i látàárọ̀, kò ní kún. Dí ihò yẹn, omi á ga láìjẹ́ pé ẹni tó ń pọnmi yára sí i.

MDM2, purotéènì mìíràn, ni ihò náà. Nígbà tí DNA wà ní àlàáfíà, á máa lẹ ubiquitin (àmì ìparun) mọ́ p53, proteasome (ẹ̀rọ tó ń gé purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì) á sì gé e wẹ́wẹ́. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Bí okùn DNA méjèèjì bá já, ATM, ẹ́ńsáìmù tó ń lẹ fọ́sífétì mọ́ purotéènì, á jí. Á lẹ fọ́sífétì mọ́ serine 15 (ojú ibi kan) lára p53, á rán Chk2, ẹ́ńsáìmù mìíràn bíi tirẹ̀, sí serine 20, á tún fọwọ́ kan MDM2 fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni MDM2 ò ní lè di p53 mú dáadáa mọ́. p53 mẹ́rin á so pọ̀, wọ́n á lọ tan jíìnì p21, purotéènì p21 á sì mú CDK2, tó ń ti sẹ́ẹ̀lì láti pín, so kí sẹ́ẹ̀lì má bàa da DNA tó ti já kọ. Bí ìbàjẹ́ náà bá kọjá àtúnṣe, PUMA àti BAX ló kàn, sẹ́ẹ̀lì á pa ara rẹ̀.

Gẹ́ẹ̀lì_Ń_Jò: Ti HeLa yàtọ̀, àbúrò. HPV 18 wà nínú rẹ̀; E6, purotéènì fáírọ́ọ̀sì yẹn, àti E6AP, tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ló ń jẹ p53 níbẹ̀, kì í ṣe MDM2. Torí náà, MG132 tó ń dí proteasome á gbé e jáde, nutlin-3 tó ń dí MDM2 ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án.

Má sì rò pé bó bá ti pọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn o. Nínú MDA-MB-468 (sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú), tó ní R273H (àyípadà kan tó ba p53 jẹ́), p53 dúdú kirikiri láìfi oògùn kankan sí i, torí èyí tó ti bàjẹ́ ò lè tan MDM2 tí ì bá pa á run. Wo p21 pẹ̀lú rẹ̀ nígbà gbogbo. Fi NaF àti orthovanadate, tó ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń yọ fọ́sífétì, sínú lysis buffer (omi tí a fi ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì), kó o sì ṣe é lórí yìnyín; àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, fọ́sífétì serine 15 á ti bọ́ kó tó dé orí gẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ_Láàbù: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé mo lè fi nutlin-3 ṣe kọ́ńtíróòlù fún fọ́sífétì serine 15?

Gẹ́ẹ̀lì_Ń_Jò: Rárá o. Nutlin-3 kì í gé DNA. Ibi tí p53 ń há sí lára MDM2 ló ń lọ dí. p53 á pọ̀, p21 á pọ̀, ṣùgbọ́n ATM ṣì ń sùn. Doxorubicin tàbí ìtànṣán ni kó o lò fún ti serine 15.