Báwo ni ọmọ ṣe lè bá bàbá rẹ̀ jiyàn lórí wíwà Ọlọ́run láìtàbùkù rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Àbúrò mi, tí a jọ ń gbé ní Ìkẹ́nnẹ́, sọ fún wa pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́, ó sì máa ń tọ́ka sí Táí Ṣólàrìn, aláìgbàgbọ́ tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ níhìn-ín ní 1956 láìgbé e karí ẹ̀sìn kankan. Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ Alájì, ka ọ̀rọ̀ náà sí èébú. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Bí ọmọ bá fẹ́ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, irú gbólóhùn wo ni kò ní dún bí àfojúdi? Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbà gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ti ṣiṣẹ́ nínú ẹbí tiyín?