Yàrá tí mo fi ń wo fíìmù kò gba afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú dédé ìwòyí. Kábà ni mò ń gbé. Mo ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún wíwo fíìmù, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìyá mi ń sùn, wọn kì í sì í rí oorun sùn tí ariwo bá wà. Mo dí fèrèsé pa, mo ki rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, tó ń gba ariwo mì) sára ògiri, mo kan pátákó ìlọ́po méjì lé e, mo fi rọ́bà yí etí ilẹ̀kùn ká. Ariwo kò jáde mọ́ lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ náà ò wọlé mọ́.

Tí àwa mẹ́fà bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan, orí á ti máa wúwo, ọmọ mi á máa yán ṣáá. AC wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló ń fà tó ń mú tutù, kì í mú tuntun wá láti ìta.

Mo fẹ́ lu ihò méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún èyí tó ń wọlé, ìkejì lókè pẹ̀lú fáànù tí yóò máa fà á jáde. Ihò lásán á ba gbogbo iṣẹ́ mi jẹ́. Wọ́n ní àpótí pákó tí a tẹ́ rockwool sínú rẹ̀, tí ọ̀nà inú rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ, máa ń gbé ariwo mì. Ta ló ti kàn án rí? Ṣé fáànù íǹṣì mẹ́fà tó ń yí jẹ́jẹ́ dára ju íǹṣì mẹ́rin tó ń sáré lọ? Kí ni mo lè fi sẹ́ eruku ọyẹ́? Ẹ̀yìn ilé ni jẹnẹrétọ̀ wà, èéfín rẹ̀ sì ń bà mí lẹ́rù gan-an, nítorí náà iwájú ilé ni mo fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti máa wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí káfíńtà tó dé.