Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ ojú kan náà ní GIMP

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ọjọ́ Ajé ni mo ké gbàjarè síbí pé gbogbo fọ́tò tí mo bá fi "Open" mú wọ GIMP (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe) ló ń lọ jókòó sí ojú iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí n kò rí wọn kó jọ sórí pósítà ìsìnkú tí mo ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀.

Ó ti yanjú. "Open as Layers" (ṣí wọn bí ìpele tó gorí ara wọn) ló yẹ kí n lò. Abẹ́ File ló wà. Ctrl, Alt àti O náà ń pè é. Mo di Ctrl mú, mo yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tò léra bí aṣọ tí a ká. Bó bá jẹ́ máòsì lẹ fi ń fà á, orí àwòrán tó ti wà ní ṣíṣí ni kẹ́ ẹ jù ú sí. Bẹ́ ẹ bá jù ú sórí àpótí irinṣẹ́, ojú tuntun ni yóò tún ṣí. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣìnà.

Fọ́tò màmá olóògbé tóbi ju pósítà lọ, imú àti ojú nìkan ló hàn. Shift àti S ni mo fi pe irinṣẹ́ tó ń yí ìwọ̀n padà, mo sì dín in kù títí gèlè wọn fi yọ. Pósítà ti lọ sí ìtẹ̀wé láàárọ̀ yìí.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn, ẹ ṣeun gan-an ni.