Èsì: Ìmọra-ẹni àbí ìdára-ẹni-mọ̀?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa kan gbé kalẹ̀ ni bí a ó ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ kọ sára tẹ́ńpìlì Apollo, òrìṣà wọn, ní ìlú Delphi: gnothi seauton, ìyẹn “mọ ara rẹ”. Àwọn kan ní ká pe ohun tó ń sọ ní “ìmọra-ẹni”, àwọn kan ní “ìdára-ẹni-mọ̀”. Méjèèjì ò tíì wọ̀ mí létí.

Ìdára-ẹni-mọ̀ ò gba àkókò. Ohun tá a bá ti rí rí là ń dá mọ̀. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù á dá a mọ̀ láàárín agbo. Ojú ló ń ṣe é. Káàdì ìdánimọ̀ sì ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́: ẹ bá ọmọ ogún ọdún sọ ìdára-ẹni-mọ̀, NIN lá wá sí i lọ́kàn.

Ìmọra-ẹni ló le. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ gún régé: ì-, mọ̀, ara, ẹni. Àmọ́ aládùúgbò burúkú ló ní, ìyẹn ìmọtara-ẹni-nìkan. Ẹni tó kọ̀wé lánàá ní “nìkan” ló ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Mi ò gbà. Ẹ yọ “nìkan” kúrò, ẹ pe ènìyàn ní onímọtara-ẹni, ẹ wò ó bóyá á rẹ́rìn-ín. “Ti” inú rẹ̀ ni ọ̀ràn wà: ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni onítọ̀hún mọ̀. Bíbélì náà mú “ti” yìí lò nínú Tímótì Kejì 3:2, “olùfẹ́ ti ara wọn”. Lójú gírámà, ìmọra-ẹni mọ́, kò ní “ti” nínú. Etí ni ò ní dárí jì í.

Kí ló wá dé tá a fi ń wá ohun tó wà lápò ṣòkòtò lọ sí Sókótó? Ohun tí Yorùbá ń sọ lójoojúmọ́ ni “mọ̀wọ̀n ara ẹ”. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè Gíríìkì gbà pé gbólóhùn Delphi kò kọ́kọ́ túmọ̀ sí “wo inú ara rẹ”. Ẹni tó ń wọlé òrìṣà ni wọ́n ń rán létí pé ènìyàn tó máa kú ni òun. Èkejì tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì, sì dárúkọ pọ̀ mọ́ ọn, ni meden agan: ohunkóhun kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Wọ́n pín in sí gbólóhùn méjì, àwa fi ìwọ̀n kan ṣoṣo so ó pọ̀.

Télọ̀ ni ìyá mi. Ọmọge kan wà tí kì í fẹ́ kí wọ́n fi téèpù kan òun. Aṣọ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lá ní kí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Wọ́n rán an bó ṣe wí, kò gba ìbàdí rẹ̀. Màmá ò bú u. “O ò mọ̀wọ̀n ara ẹ mọ́,” wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye owó iṣẹ́. Ohun tí mo ń bá kiri nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ẹni tó ní pàṣán tí àwọn àgbà fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ ni gbólóhùn yìí, òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n ti fi na èmi náà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tó ń sọ pé gàrí ò pé náà ló ń sọ pé ó kún. Ẹni tó mọ iṣẹ́ jù nípàdé, tó wá ń sá pa mọ́ sẹ́yìn, òun náà ò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. A sì ti ń fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú báyìí tipẹ́: àbọ̀ iṣẹ́ tí a ń jẹ́ ló di àbọ̀ nínú gírámà, ìyẹn ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣì í gbọ́.

Ìmọ̀wọ̀n-ara-ẹni ni mo dìbò fún.

Ó ku ti àǹtí wa tó ní ká kọ “Ẹ mọ̀wọ̀n ara yín”, torí àgbàlagbà náà ń wọ tẹ́ńpìlì. Rárá o. Ẹnì kan ṣoṣo ni seauton, “ara rẹ”, ń bá wí. Òrìṣà ló sì ń sọ̀rọ̀. Mi ò tíì gbọ́ òrìṣà tó ń fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ọba ì báà jẹ́. Ẹ fi “rẹ” sílẹ̀ níbẹ̀.